Láìnì Ọ̀tọ̀ Kò Mú Orin Dùn

Láàárín àwọn tó fẹ́ràn kí orin máa dún gbámúṣé nínú ilé wọn, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di òfin, tí kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Wọ́n ní amplifier gidi kò gbọdọ̀ jẹ nínú iná tí fíríìjì ń jẹ. Wọ́n ní kí oníṣẹ́ iná fa láìnì ọ̀tọ̀ láti ìdí àpótí breaker wá sí pálọ̀, kí wáyà rẹ̀ nípọn, kí ó ní breaker tirẹ̀, kí sókẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ ojúlówó tó ti òkè òkun wá. Àwọn tó gba ẹ̀sìn náà gbọ́ jù á tún ní kí wọ́n ri ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, tí nǹkan mìíràn kankan nínú ilé kò ní í bá a pín. Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, wọ́n á ní ohùn akọrin ti mọ́ gaara, gìtá báàsì ti rọ̀, ìlù kọ̀ọ̀kan ti dá dúró láyè ara rẹ̀.

Mo ti gbọ́ ọ títí, n kò gbà á. Láìnì ọ̀tọ̀ kì í mú orin dùn. Ìmọ̀ràn náà kò bá iná ilé wa mu, nítorí ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe é fún. Apá kan nínú rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì àdáni, sì lè pa ènìyàn.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí jù, wọn kò sì ṣàdédé máa sọ ọ́. 120 fóltì ni iná ilé tiwọn. Sókẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wọn sábà máa ń wà lórí breaker áńpíà 15, èyí tó fi hàn pé gbogbo ohun tó wà lórí láìnì yẹn, àti tẹlifíṣọ̀n, àti fìtílà, àti amplifier, wáàtì 1,800 péré ni wọ́n jọ ń pín. Ẹni tó bá ní amplifier ńlá méjì níbẹ̀, tí ẹ̀rọ amóoru kékeré tún ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà òtútù, breaker lè já mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní kí wọ́n fa láìnì áńpíà 20 fún òun, kò ṣe àṣejù. Tiwa ńkọ́? 230 fóltì ni à ń lò, pẹ̀lú sókẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu mẹ́ta tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó ń gbé áńpíà 13. Ojú sókẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lára ògiri yín lè gbé nǹkan bí wáàtì 3,000. Ojú kan yẹn nìkan ti ju odindi láìnì pálọ̀ ará Amẹ́ríkà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni fún iṣẹ́ kan náà, lórí wáyà kan náà, áńpíà tí amplifier ń fà ní tiwa kò ju bí ìdajì tiwọn lọ. Ìdá tó ń sọnù nínú fóltéèjì lójú ọ̀nà sì fi díẹ̀ ju ìdámẹ́rin tiwọn lọ. Ìṣòro tí wọ́n fa láìnì ọ̀tọ̀ láti yanjú, a kò ní in. Oògùn nìkan la rà wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sí i, nítorí àwọn ẹlẹ́nu dídùn kì í fẹ́ kí á débẹ̀. Wáyà bàbà 2.5 mílímítà tí wọ́n fi ń ṣe sókẹ́ẹ̀tì nílé wa máa ń sọ nǹkan bíi mílífóltì 18 nù lórí mítà kọ̀ọ̀kan, fún áńpíà kọ̀ọ̀kan, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Ká ní sókẹ́ẹ̀tì yín fi mítà 20 jìnnà sí àpótí breaker, tí amplifier yín sì ń fa áńpíà 3. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 700, ó sì ti pọ̀ tó kí aládùúgbò wá kan ìlẹ̀kùn. Ohun tó sọnù lójú ọ̀nà kò ju fóltì kan àti díẹ̀ lọ. Ẹ wá yọ wáyà yẹn, kí ẹ fi oní-6 mílímítà rọ́pò rẹ̀ ní owó gọbọi: ohun tó ń sọnù á wálẹ̀ sí bíi fóltì 0.4. Fóltì 0.6 lẹ fi gbogbo owó yẹn rà. Iná NEPA tó ń bá yín ní ìdí mítà iná ńkọ́? Ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan ẹ̀rọ amúlétutù, ó lè já wálẹ̀ sí 180. Tó bá di òru tí oníkálukú ti sùn, ó lè gòkè kọjá 240. Ẹni tí fóltì 60 ń fi ṣeré lójoojúmọ́ ló ń náwó sórí fóltì 0.6.

Kí tiẹ̀ ni fóltì kan tó sọnù yẹn ń ṣe fún orin? Iná ògiri kì í lọ bá sípíkà bó ṣe wọlé. Tiransifọ́mà inú amplifier á kọ́kọ́ gé e kúrú, àwọn dáyóòdù á sọ ọ́ di iná ọlọ́nà kan bíi ti bátìrì, àwọn kapásítọ̀ ńlá á gbà á pa mọ́. Inú ìpamọ́ yẹn ni orin ti ń jẹun. Tí fóltì kan bá dín nínú 230, ohun tó dín nínú agbára tó ga jù tí amplifier lè yọ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ti ohùn, bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 0.04 ni. Ó ṣòro kí etí ènìyàn mọ̀ ọ́n lára orin kí ohùn tó yí padà ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kan gbáko. Àti pé ìgbà tí ẹ bá yí i dé òpin pátápátá nìkan ni 0.04 yẹn ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá jókòó jẹ́jẹ́ tí ẹ ń gbọ́ orin, wáàtì bíi mélòó kan ló ń dé ọ̀dọ̀ sípíkà. Gílóòbù kékeré kan lè máa jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn mìíràn á ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóltì, pé ìdọ̀tí inú iná ni àwọn ń sá fún: ariwo tí fíríìjì, fáànù àti ṣájà fóònù ń dà sínú wáyà. Ó dáa. Níbo ni láìnì ọ̀tọ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀? Àpótí breaker ni, níbi tí láìnì fíríìjì náà ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí gbogbo láìnì ilé ti ń pàdé. Ariwo tó bá ti orí láìnì fíríìjì dé àpótí náà kò nílò ju kó yà sí ti yín. Lẹ́yìn mítà iná, wáyà alumíníọ̀mù lórí òpó ló kù, ọ̀pọ̀ mítà rẹ̀ títí dé ìdí tiransifọ́mà àdúgbò. Ẹni tó ń jó irin, ẹni tó ń lọ ata àti onígbàjámọ̀ so mọ́ ọn; ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi lọ́ ojú ìsopọ̀ rẹ̀ pọ̀. Gbogbo ìyẹn ni iná ti là kọjá kó tó dé ogún mítà tuntun tí ẹ fi bàbà olówó ńlá ṣe.

Ní ọdún 2016, ìwé ìròyìn Wall Street Journal ròyìn àwọn olólùfẹ́ orin ní Japan tí wọ́n ra òpó iná tiwọn, pẹ̀lú tiransifọ́mà tiwọn, kí amplifier wọn má baà bá aládùúgbò kankan pín iná. Ẹ̀rín lè pa ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ní tèmi, mo bọ̀wọ̀ fún wọn ju àwọn tiwa lọ. Wọ́n tẹ̀lé ọ̀rọ̀ wọn dé ibi tó ń lọ. Bí iná aládùúgbò bá jẹ́ májèlé lóòótọ́, òpó àdáni ló kàn, kì í ṣe sókẹ́ẹ̀tì àdáni. Síbẹ̀ náà, wáyà gíga tó ń bọ́ tiransifọ́mà wọn, gbogbo ìlú ló ń bá wọn pín in.

Ohun kan wà tí etí ń gbọ́ lóòótọ́, n kò sì ní í sọ pé irọ́ ni: híhùn tó máa ń wà nínú sípíkà nígbà tí orin kò tíì bẹ̀rẹ̀. Èyí ló máa ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ bá oníṣẹ́ iná. Wọ́n á ní iná kò mọ́. Irọ́ ni. Nígbà púpọ̀, ẹ́ẹ̀tì méjì ló ń jà. Amplifier gba ẹ́ẹ̀tì láti ara sókẹ́ẹ̀tì kan, kọ̀ǹpútà gba tirẹ̀ láti ara òmíràn tàbí kí tẹlifíṣọ̀n gbà á láti ara wáyà àǹtẹ́nà, wáyà orin wá so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ẹ́ẹ̀tì méjèèjì kò bá dọ́gba, kódà kí ìyàtọ̀ wọn kéré gan-an, iná díẹ̀ á máa sáré gba ara ìbòrí wáyà orin láti ọ̀kan sí èkejì, sípíkà á sì máa hùn ní ìlọ́po 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí iná NEPA ṣe ń lù gẹ́lẹ́. Ẹ wo ohun tí láìnì ọ̀tọ̀ máa ń ṣe níbẹ̀. Ó gbé amplifier lọ sórí ẹ́ẹ̀tì tuntun, ó fi tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lórí ti àtijọ́. Ó tún fẹ ìjà náà sí i! Mo mọ ilé tí híhùn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fa láìnì ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì sọ fún onílé pé wáyà tuntun ní láti kọ́kọ́ “mọ́ ara” fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá lè sọ irú rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín lè ta ohunkóhun.

Ìwòsàn híhùn kò wọ́n. Ẹ kó gbogbo ohun tó bá fi wáyà so mọ́ amplifier jọ sórí ojú sókẹ́ẹ̀tì kan, kí ẹ́ẹ̀tì wọn lè jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀rọ orin inú ilé, àti tẹlifíṣọ̀n, àti díkódà, gbogbo wọn pọ̀ kò ní í tó áńpíà 13. Bó bá ṣì ń hùn, ẹ yọ wáyà àǹtẹ́nà tàbí ti díìṣì fún ìṣẹ́jú kan. Bí híhùn bá lọ, ibẹ̀ ló ti ń wọlé, ẹ̀rọ kékeré tó ń já ìsopọ̀ ẹ́ẹ̀tì wáyà náà wà lọ́jà. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ ṣẹ́ ẹnu ńlá orí púlọ́ọ̀gì, tàbí kí ẹ fi adápítọ̀ ẹlẹ́nu méjì fo ẹ́ẹ̀tì dá. Híhùn á lọ lóòótọ́. Ààbò yín náà á bá a lọ.

Ibi ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì àdáni ni n kò ti ní í bá ẹnikẹ́ni ṣe àwàdà. Wọ́n ní kí ẹ ri irin bàbà mọ́lẹ̀ fún ẹ̀rọ orin nìkan, kí ẹ má ṣe so ó mọ́ ẹ́ẹ̀tì ilé, kí ó lè “mọ́”. Ilẹ̀ kì í ṣe bàbà. Irin kan ṣoṣo tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ lásán lè ní ìdènà bí óòmù 50, nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ ó tún ń pọ̀ sí i. Ká wá ní wáyà já nínú amplifier lọ́jọ́ kan, tó sì kan ara àpótí irin rẹ̀. 230 fóltì á fẹ́ gba inú irin yẹn wọlẹ̀. Ẹ fi 50 pín 230: áńpíà 4.6 ni. Breaker yín, áńpíà 20 ni. Kò ní í mira. Kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ara amplifier yín á wà níbẹ̀ pẹ̀lú iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 230 lórí rẹ̀, títí di ìgbà tí ọmọ kan bá fẹ́ yí ohùn sókè. Ká ní ẹ́ẹ̀tì náà so mọ́ ti ilé dáadáa bó ṣe yẹ, iná tó pọ̀ ni ì bá sáré gba wáyà padà, breaker ì bá já lójú ẹsẹ̀.

Ẹ tún rántí òjò. Láti bí oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe títí wọ Ọ̀wàrà, àrá kì í fi ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀. Bí ó bá sán sílẹ̀ nítòsí, ilẹ̀ tó wà ní ìdí ọ̀pá méjì tó jìnnà síra lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì yàtọ̀ síra fún ìṣẹ́jú bíńtín. Bí ọ̀pá méjèèjì kò bá so pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, wáyà orin tó wà láàárín amplifier àti tẹlifíṣọ̀n ni afárá tí àrá yẹn máa gbà. Àwọn tó ń fi Amẹ́ríkà bú wa kò sì sọ fún wa pé òfin iná Amẹ́ríkà gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní NEC, pa á láṣẹ pé gbogbo ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì ilé kan gbọ́dọ̀ so pọ̀ mọ́ra, àti pé ilẹ̀ lásán kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí iná tó ṣìnà máa gbà padà. Àwọn tó ni ìmọ̀ràn ti fòfin de ibi tó burú jù nínú rẹ̀, àwa ń gbé e gẹ̀gẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àìmọye ilé wà lọ́dọ̀ wa, pàápàá àwọn ilé oníyàrá kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ, tí ẹnu kẹta sókẹ́ẹ̀tì wọn kò so mọ́ nǹkan kan. Ó kàn wà níbẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹni tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ́ẹ̀tì kan tó dára fún gbogbo ilé ló yẹ kó náwó lé, kí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, kí ó sì fi RCCB sí i, èyí tó ń já iná tí mílíáńpíà 30 péré bá ṣìnà. Orin kò ní í dùn sí i. Ẹni tó ń gbọ́ orin á wà láàyè.

Mo mọ èsì tó kù: “Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ.” N kò pè yín ní òpùrọ́. Nígbà tí oníṣẹ́ iná wá fa láìnì tuntun, ó tú sókẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ti ń yẹ̀, ẹ sún amplifier kúrò láyè rẹ̀, ẹ yọ gbogbo wáyà ẹ tún un kì, ẹ wá yí ohùn sókè díẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ iṣẹ́ tó ṣe. Ohùn tó fi díẹ̀ ga ju ti àná lọ, etí máa ń pè é ní ohùn tó mọ́ jù. Ẹ̀yin náà ti sanwó, owó tó ti jáde kì í fẹ́ kí á sọ pé ó sòfò. Ọ̀nà tí a lè gbà mọ̀ kò le. Kí ẹnìkan máa gbé púlọ́ọ̀gì amplifier láàárín láìnì méjèèjì nígbà mẹ́wàá, níbi tí ẹ kò ti lè rí i, kí ó ju kọ́ínì kó tó yan èyí tó máa lò, kí bọ́tìnì ohùn má ṣe kúrò lójú kan. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀. Ẹni tó kàn ń méfò á gba bíi márùn-ún. Tí ẹ bá gba mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ẹ ti ṣe ohun tí àfọwọ́bá kì í sábà ṣe, nítorí bí ìgbà kan nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń ṣẹlẹ̀ fún ẹni tó ń méfò. Àwọn tó ń ta láìnì ọ̀tọ̀ fún wa kì í fẹ́ ṣe é. Mo rò pé wọ́n mọ ìdí.

Ẹni tó bá fẹ́ kí orin dùn nílé rẹ̀, kí ó wo yàrá. Ilẹ̀ táìlì, ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́, gíláàsì fèrèsé, àjà POP: kò sí ibì kan tí ohùn lè sinmi sí. Yàrá tó gùn ní mítà 4 ní ohùn tirẹ̀ tó máa ń fẹ́ wú, nǹkan bíi 43 hertz. Okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì sì ń dún ní 41. Ẹ fi àwo Ebenezer Obey tàbí King Sunny Adé sí i nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, báàsì á máa wú ní ibì kan, á pòórá ní ibòmíràn, á bo gángan mọ́lẹ̀. Kò sí wáyà tó lè wò ó sàn. Ẹ fa sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀ ògiri ní ẹsẹ̀ méjì, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ fi kápẹ́ẹ̀tì nípọn sí iwájú rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ kọ́tìnnì tó wúwo bo fèrèsé. Ìyàtọ̀ tí ẹ máa gbọ́ kò ní í béèrè kọ́ínì.

Iná tó ń wá tó ń lọ náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ní oṣù Igbe ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà lórí Band A sí náírà 225 lórí yúníìtì kan, pẹ̀lú ìlérí wákàtí 20 lójúmọ́. Ká gbà pé ìlérí náà ṣẹ: wákàtí mẹ́rin tó kù, orí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà ni láìnì ọ̀tọ̀ yín wà, òun àti fíríìjì tó ń sá fún. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò rí rogodo bíi ti NEPA máa ń mú kí tiransifọ́mà amplifier kùn bí oyin. Ẹni tó bá fi owó láìnì ọ̀tọ̀ kún ti ínfátà oníná rogodo, tí wọ́n ń pè ní pure sine wave, ti ra ohun tí etí rẹ̀ máa mọ̀.

Ṣé kò sígbà tí láìnì tuntun yẹ ni? Ó wà. Bí sókẹ́ẹ̀tì bá ń gbóná, bí gílóòbù bá ń ṣẹ́jú nígbà tí báàsì bá lù, bó bá jẹ́ wáyà 1.5 tí wọ́n fà fún gílóòbù ni wọ́n so sókẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ pe oníṣẹ́ iná lónìí. Ọ̀rọ̀ kí ilé má jóná nìyẹn. Ẹ sì jẹ́ kí láìnì ọ̀tọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀: ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ ìgbóná omi, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga. Àwọn wọ̀nyí ló ń fa áńpíà gidi. Tí wọ́n bá kúrò lórí láìnì sókẹ́ẹ̀tì, amplifier kò nílò ibòmíràn láti lọ.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ iná ni mo fẹ́ bẹ̀, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ náà ju ẹni tó ń fi ẹnu tà á lọ. Bí oníbàárà bá fẹ́ wáyà tó nípọn, tó ní owó rẹ̀, ẹ fà á fún un. Kò ní í pa á lára. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí ẹ ri ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀rọ orin, kí ẹ má sì so ó mọ́ ti ilé, ẹ má ṣe é, iyekíye tó wù kó fẹ́ san.